Yàrá Tí Kò Nílẹ̀kùn Nínú Kọ̀ǹpútà Ọmọ Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́mọ dàgbà, ẹ bá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Oorun ò kùn mí lálẹ́ yìí, bẹ́ẹ̀ ni n kò lè jí ọmọ mi kí n sọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù fún un, torí òun gan-an ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Ìbídùn nìkan ni mo bí. Iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ló ń ṣe, kọ̀ǹpútà ló sì fi ń yà á. Ayé ti kọjá ti bébà; lójú ẹ̀rọ ni wọ́n ti ń yí ilé ká báyìí bí ẹni tó ń rìn nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ tí kò bá lágbára á kàn dákú ni. Èyí tó ń lò tẹ́lẹ̀ kì í bá a yà dé òrùlé kó tó dákú.

La bá lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìkòtún. Ó ti ṣàlàyé fún mi lọ́nà pé kì í ṣe ẹwà là ń wò: kí ráàmù rẹ̀ pọ̀, kó sì ní káàdì àwòrán tirẹ̀ lọ́tọ̀. Tuntun tí owó wa ká ò ní káàdì yẹn. Tòkunbọ̀ kan wà níbẹ̀ tó wúwo bí ọmọ ọlọ, gbogbo ohun tó fẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ń tà á bi mí bóyá kí òun nu inú rẹ̀ mọ́, ó ní ẹni tó lò ó lókè òkun ti fi ohun èlò ìyàwòrán olówó gọbọi síbẹ̀, bí òun bá sì nù ún, ó lọ nìyẹn. Èmi ni mo dáhùn: "Má nù ún jàre. Ọmọ mi á jogún ẹ̀." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Àwòrán ilé kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀. Ìbídùn ṣí i láti fi dán agbára ẹ̀rọ náà wò, ó sì pè mí kí n wá wò ó. Ilé tó dára ni, àfi yàrá kan ní kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn tí kò ní ilẹ̀kùn, tí kò ní fèrèsé, bẹ́ẹ̀ wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì sínú rẹ̀. Mo ní bóyá ẹni náà ò tíì yà á tán ni. Ìbídùn ṣáà ń wò ó.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó fi ẹ̀rọ náà ṣe, ilé kan ní Ìgándò ni. Àwọn bíríkìlà tẹ̀ lé àwòrán, wọ́n mọ yàrá ẹ̀yìn títí ògiri fi ga ju orí lọ kí ẹni tó wà nínú rẹ̀ tó wòye pé òun ò ríbi gbà jáde. Àkàbà ni wọ́n fi yọ ọ́. Wọ́n pe Ìbídùn lórí fóònù, wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ṣé ibojì ni Àǹtí fẹ́ kọ́ fún onílé ni. Nígbà tó di ilé kejì, ní Akówọnjò, yàrá náà tún wà níbẹ̀, kọ̀rọ̀ kan náà, ìwọ̀n kan náà. Ìbídùn búra fún mi pé òun fi ilẹ̀kùn sí i. Ọmọ mi kì í purọ́.

Mo padà lọ bá ẹni tó tà á, mo bi í pé ta ló ni ín tẹ́lẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹrù òkun ni. Ta ni kí n bi?" Ó ní kí n gbé e wá kí òun nù ún. Ìbídùn kọ̀ jálẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Lọ́sàn-án òní, lẹ́yìn tá a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó pè mí tìdùnnú-tìdùnnú, ó ní òun ya ilé wa fún mi, Ẹgbẹ́dá níbí tá a háyà. Gbogbo rẹ̀ pé, kíṣìn, báńkóní, títí kan àga mi tó ti yẹ̀. Mo wá wo yàrá tèmi. Bẹ́ẹ̀dì mi wà nínú rẹ̀, ògiri sì yí i ká. Mo rọra bi í pé, "Ìbí, ibo ni màá gbà jáde?"

Ó fi ìka kan ògiri funfun náà, ó wò mí bí ẹni tí àánú mi ń ṣe. "Ilẹ̀kùn nìyí, Mọ́mì. Ẹ ò rí i ni?"

Kí ni kí n ṣe, ẹ̀yin èèyàn mi? Bí mo bá gbé ẹ̀rọ yìí lọ lẹ́yìn rẹ̀ kí wọ́n nù ún, iṣẹ́ rẹ̀ ṣègbé, kò sì ní dárí jì mí. Bí mo bá fi í sílẹ̀, ọmọ mi ń lọ lójú mi. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ tí ojú rẹ̀ ti ń rí ohun tí tèmi ò rí, kí ni mo fẹ́ fi ṣọ́ ọ?