Igi Tí Mo Fà Tu Létí Odò

Imane, ọmọ Màmá Moutiatou, ìwọ ni mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sí, ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́, kà á sókè kí gbogbo ilé gbọ́. Ọdún méjì ni mo ti gbé e mì, kò sì dà nínú mi. Gbogbo ìlú Gouka ń pè mí ní Fadilath tí kì í sọ̀rọ̀, wọ́n rò pé ìtìjú ni. Ìtìjú wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìtìjú kọ́ ló ń mú mi gba ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé kí n má bàa pàdé rẹ. Òótọ́ kan ni, ó sì tó àkókò kí ó jáde lẹ́nu mi.

O mọ̀ pé inú takísí Idrissou ni èmi àti Àlájà Bilkissou, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ, jọ wọ̀ láti Savalou. Abdulwasiu, ọmọ Nàìjíríà tó ń ta epo ní Bantè, ló ṣe ìkẹta wa. Ọ̀nà erùpẹ̀ ni a gbà. A ti kọjá Atokoligbé, a kọjá odò kan, a bá èkejì níwájú tó ti kún wọ igbó. Kí Idrissou tó yí mọ́tò padà, ti ẹ̀yìn náà ti kún. Bí a ṣe há sáàárín omi méjì nìyẹn, lórí òkè kékeré kan tí oko kajú wà, pẹ̀lú ahéré kan tí kò sẹ́ni nínú rẹ̀. Ìpè kò wọlé lórí fóònù. Abdulwasiu ní àwọn òyìnbó máa ń wọ bàálù lọ sinmi ní irú erékùṣù báyìí, pé àwa, takísí Idrissou ló gbé wa dé tiwa. Idrissou ní kó ṣe mẹ́dọ̀, pé òyìnbó wo ló ń mu gààrí lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́.

Àwọn awakọ̀ ọ̀nà yẹn, bí omi bá dí wọn lọ́nà, igi ni wọ́n máa ń gún sétí odò, wọn á fi ọ̀bẹ fa ilà méjì sí i lára. Bí omi bá ti fà tí ilà ìsàlẹ̀ yọ, mọ́tò lè kọjá. Ẹnì kan ṣoṣo ló sì máa ń ṣọ́ igi náà, nítorí ojú méjì a máa fa àríyànjiyàn, àríyànjiyàn sì ti gbé mọ́tò lọ rí. Idrissou wo gbogbo wa, ó ní èmi ni kí n máa ṣọ́ ọ, pé ẹni tí kì í sọ̀rọ̀, níbo ni yóò ti ráyè purọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Imane, bí mo bá ní àwọn ọjọ́ yẹn kò dùn, irọ́ mìíràn ni mo pa. Ilé ni bàbá mi ti kọ́ mi ní ìwé àti Kùránì, n kò jókòó ti ẹgbẹ́ rí. Ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá mi ní Gouka ni mo ń lọ, láti lọ máa pọn ọmọ ọlọ́mọ. Lórí òkè yẹn, wọ́n ń pe orúkọ mi. A gbẹ́ ihò sílẹ̀, a fi kóró kajú ta ayò, mo na Abdulwasiu títí ó fi ní oríkunkun ni bàbá mi kọ́ mi, kì í ṣe ìwé. Bí oòrùn bá kan àtàrí, àwọn ọkùnrin á sùn lábẹ́ kajú bí ẹni tí kò níbi í lọ. Àlájà a gbé orí mi lé itan, a máa dirun fún mi. Ibẹ̀ ló ti sọ ọ́: ó di ọdún mẹ́sàn-án tí òun àti ìyá rẹ kò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀, nítorí ìyá rẹ wẹ òkú ìyá wọn láìdúró de òun. Àìsàn wá dá àbúrò dùbúlẹ̀, ó ránṣẹ́. Àlájà ní, “Ẹnu mi ni mo fẹ́ fi sọ fún un pé mo ti foríjì í. Kì í ṣe fóònù.” Nítorí náà, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe àwíjàre fún mi pé n kò mọ̀. Mo mọ̀.

Ọ̀sán Ọjọ́rú ni ilà ìsàlẹ̀ yọ. Gbogbo wọn ń sùn, àti Àlájà. Mo ní kí n ka ení dé ẹ̀wá kí n tó jí wọn. Mo kà á, mo tún un kà. N kò mọ ìgbà tí mo wọ omi. Rárá, mo mọ̀. Mo fa igi náà tu, mo rìn wọ odò dé orúnkún, mo gún un síbi tó jìn, ilà méjèèjì sì rì. Ọjọ́ kan péré ni mo fẹ́ fi kún un. Nígbà tí Idrissou jí, ó bi mí léèrè. Mo ní, “Kò tíì yọ.”

Ní Ọjọ́bọ̀, ayò kò dùn mọ́. Àárọ̀ Jímọ̀ ni ọkùnrin kan gun alùpùpù gba inú omi náà kọjá wá sọ́dọ̀ wa, omi kò ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ. Idrissou wo igi, ó wo odò, ó ní àgbàrá ló gbé igi náà rìn, pé ẹ̀bi òun ni tí òun kò gún un jinlẹ̀. Mo jẹ́ kó dá ara rẹ̀ lẹ́bi.

Nígbà tí a dé Gouka, ìwọ lo pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà ilé yín. O ní ẹ ti sin ìyá rẹ lánàá, lẹ́yìn ìrun àsárì. O ní bí mọ́tò kankan bá ti fun fèrè, ìyá rẹ á gbórí sókè, á ní, “Ṣé òun kọ́ nìyẹn?” Àlájà jókòó sílẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní Ọlọ́run yóò san án fún mi, pé mo tọ́jú òun lójú ọ̀nà.

Ní oṣù tó kọjá, mo lọ kúnlẹ̀ fún un ní Savalou, mo jẹ́wọ́. Ó wo ọwọ́ mi pẹ́. Ó ní, “Mo rí ẹrẹ̀ lọ́wọ́ rẹ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Oorun kọ́ ni mo ń sùn. Ẹ̀rù ń bà mí láti dé ọ̀hún, ni mo bá di ojú mi.” Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni, tàbí ó fẹ́ bá mi gbé díẹ̀ nínú ẹrù mi. Ìdáríjì ni mo lọ gbà, ẹrù kejì ni mo rù bọ̀. Ó ní ìdáríjì kò sí lọ́wọ́ òun, pé ọwọ́ rẹ ló wà, ìwọ tí o jókòó ti ìyá rẹ.

Ẹ̀yin ọmọdé tí ẹ bá gbọ́ èyí, bí wọ́n bá fi yín ṣọ́ nǹkan nítorí pé ẹ dákẹ́, ẹ rántí pé ẹni tó dákẹ́ lè purọ́. Imane, orí mi ṣì dàrú. Àwọn ọjọ́ yẹn ṣì ń dùn mọ́ mi, mo sì ń kórìíra ara mi pé wọ́n dùn. N kò ní kí o sọ pé kò burú. Bí wọ́n bá kírun Jímọ̀ tán, ọ̀nà iwájú ni n óò gbà wá sílé yín. Bí o bá ti ilẹ̀kùn, n óò jókòó síta. Ìyá rẹ dúró dè wá. Ó kàn mí láti dúró.