Ògiri Ìrókò ní Ọ̀bà-Ilé

[Fóònù ń dún. Òjò ń rọ̀ lórí páànù.]

GBÉMIGA: Hẹ́lò, Àǹtí mi. Ẹ kú ọ̀sán o. Ẹ kú òjò.

ỌLÁBÍSÍ: Gbémiga, o kú iṣẹ́. Ilé ńkọ́? Ìyàwó ńkọ́?

GBÉMIGA: A dúpẹ́. Òjò lé mi sọ̀kalẹ̀ lórí àkàbà. Yaba ni mo wà l'Óǹdó níbí, iṣẹ́ bíbo ara ògiri ṣọ́ọ̀ṣì kan ni mò ń —

ỌLÁBÍSÍ: Màmá ńkọ́?

GBÉMIGA: Wọ́n wà dáadáa. Wọ́n ń bú ẹ̀yin àti Àkúrẹ́ yín pé ẹ ti gbàgbé ọ̀nà ilé. Kí ló dé tí ohùn yín rí báyìí?

ỌLÁBÍSÍ: Fetí sílẹ̀. Ohun tí o fi bo ara ilé wa yìí, kí ni wọ́n fi ṣe é?

GBÉMIGA: Kí ló ṣe é? Ó ti ń ṣí ni?

ỌLÁBÍSÍ: Dá mi lóhùn.

GBÉMIGA: Ṣebí ẹ̀yin náà mọ̀. Páànù ni. Irin tí wọ́n kùn ní àwọ̀ igi, tí wọ́n fa ìlà igi sí lára. Mo sọ fún ọkọ yín lọ́jọ́ náà pé ikán ò ní rí i jẹ láéláé —

ỌLÁBÍSÍ: Tún un sọ. Pariwo ẹ̀. Mo ti fi ẹ́ sí speaker, mo gbé fóònù sójú fèrèsé.

GBÉMIGA: Kí ta ni gbọ́?

ỌLÁBÍSÍ: Ṣáà sọ ọ́, Gbémiga.

GBÉMIGA: Irin ni o. Kì í ṣe igi rárá.

[Ẹ̀rín àwọn ọkùnrin láti ìta. Ọ̀kan ní: "Àbúrò ẹ̀ nìyẹn. Kí lẹ fẹ́ kó sọ?" Òkò bà lára irin.]

GBÉMIGA: Àǹtí, àwọn wo nìyẹn?

ỌLÁBÍSÍ: Àwọn ọlọ́kadà. Wọ́n ti wọ inú ọgbà. Wọ́n ti fọ́ geeti wọlé, wọ́n — ṣé o gbọ́ mi?

GBÉMIGA: Ó ń já, ṣùgbọ́n mo gbọ́. Kí lẹ fi ṣe wọ́n?

ỌLÁBÍSÍ: Adélaní kú.

GBÉMIGA: Adélaní wo?

ỌLÁBÍSÍ: Ọlọ́kadà tó máa ń gbé mi lọ sọ́jà. Òjò bẹ̀rẹ̀, ó sá wá sábẹ́ ilé wa, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Kò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo gbọ́ igbe ẹ̀ láti kíṣìnì. Ìgbà tí mo máa yọjú, ó lẹ̀ mọ́ ògiri, ó ń gbọ̀n, ẹnu ẹ̀ ń hó. Ìgbà tó bọ́ sílẹ̀, ó ti kú. Òkú ẹ̀ wà níwájú ilé báyìí nínú òjò.

GBÉMIGA: Iná ni. Iná ti wọ páànù yẹn.

ỌLÁBÍSÍ: Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní iná kì í gba ara igi kọjá.

GBÉMIGA: Ṣùgbọ́n kì í ṣe ig —

ỌLÁBÍSÍ: Ta ló fẹ́ gbọ́? Kò sẹ́ni tí ọkọ mi, Dádì Tiwa, ò sọ fún ní Ọ̀bà-Ilé yìí pé ìrókò ni. Ìrókò igbó Ijare. Lọ́jọ́ ìṣílé ńkọ́, ó gba máíkì lọ́wọ́ pásítọ̀ —

GBÉMIGA: Ojú mi ló ṣe. Mo rò pé ó ń ṣàwàdà ni.

ỌLÁBÍSÍ: Àwàdà kọ́, ìgbéraga ni. Mo kìlọ̀ fún un títí. Ní báyìí wọ́n ní ó gé ìrókò láìṣètùtù, pé ìwin inú ẹ̀ ló mú Adélaní. Àwọn kan ní oògùn owó ló fi sínú ògiri. Wọ́n ní nírú àkókò yìí, tí gaàrí ń di nǹkan olówó, ta ló ń fi ìrókò bo ilé látòkè délẹ̀ bí ọwọ́ ẹ̀ bá mọ́?

[Gíláàsì fọ́.]

GBÉMIGA: Àǹtí?

ỌLÁBÍSÍ: Fèrèsé pálọ̀ ni. Mo wà lẹ́yìn àga nílẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí, Gbémiga.

GBÉMIGA: Bùrọ̀dá Akin dà?

ỌLÁBÍSÍ: Ó wà lọ́wọ́ wọn. Ó ní òun fẹ́ lọ bá wọn sọ̀rọ̀ bí ọkùnrin. Ọládiípọ̀, alága wọn, fi irin kan láti ara ọ̀kadà fọ́ ọ lórí. Ẹ̀jẹ̀ ti dí ojú ẹ̀ kan. Wọ́n ti fi táyà kọ́ ọ lọ́rùn. Epo tí kò sí ní filling station láti àárọ̀, wọ́n rí i bù wá síbí.

GBÉMIGA: Ẹ pe ọlọ́pàá —

ỌLÁBÍSÍ: Mo pè wọ́n. Wọ́n ní kò sí epo nínú ọkọ̀ àwọn. Ṣé o gbọ́ mi?

GBÉMIGA: Mo gbọ́. Ẹ gbé mi sí fèrèsé padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará, ẹ má bínú. Èmi ni mo kan nǹkan yẹn mọ́lé. Irin ni. Ẹ mú ọ̀bẹ, ẹ họ ọ̀dà ara ẹ̀, ẹ máa rí irin lábẹ́ — rárá, rárá, ẹ má họ ọ́. Ẹ má fọwọ́ kàn án rárá.

[Ariwo. Ohùn kan: "Ẹ gbọ́ ọ? Ó mọ̀ pé ó ń pa èèyàn." Ohùn mìíràn, tó nípọn: "Kí onílé fúnra ẹ̀ gbá ògiri ẹ̀ mọ́ra. Bí kò bá sí nǹkan níbẹ̀, á máa lọ."]

ỌLÁBÍSÍ: Ọládiípọ̀ nìyẹn. Ìdájọ́ tí wọ́n dá nìyẹn. Tó bá gbá ògiri mọ́ra tí kò kú, wọ́n á fi í sílẹ̀. Tó bá kọ̀, wọ́n á ṣáná sí i. Kí ni kí n ṣe?

GBÉMIGA: Ẹ lọ pa iná. Main switch, lábẹ́ mítà.

ỌLÁBÍSÍ: Kọ́rídọ̀ ni mítà wà.

GBÉMIGA: Ẹ rá lọ. Ẹ má dìde.

[Gíláàsì ń rún lábẹ́ nǹkan. Mímí líle.]

ỌLÁBÍSÍ: Ó ti gé mi lórúnkún.

GBÉMIGA: Ẹ má wò ó. Ẹ ṣáà máa lọ.

ỌLÁBÍSÍ: Mo ti débẹ̀. Mo ti pa á. Gílóòbù ti kú. Fáànù ti ń dúró.

GBÉMIGA: Ó dáa. Ọlọ́run ṣeun.

ỌLÁBÍSÍ: [láti fèrèsé, sí ìta] Dádì Tiwa, mo ti pa iná. Fọwọ́ kàn án fún wọn kí wọ́n lè lọ. Mo ti pa á.

[Ariwo níta ń rọlẹ̀.]

ỌLÁBÍSÍ: Ó gbọ́ mi. Ó mi orí sí mi. Wọ́n ti yọ táyà kúrò lọ́rùn ẹ̀. Ó ń lọ síbẹ̀, Ọládiípọ̀ dì í lọ́rùn mú láti ẹ̀yìn. Gbémiga, tí ọkùnrin yìí bá bọ́ lónìí, mi ò ní bá a jà mọ́ láyé mi.

GBÉMIGA: Á bọ́. Àǹtí, kí ló ń hùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín yẹn?

ỌLÁBÍSÍ: Èwo? Fíríìsà ni.

GBÉMIGA: Fíríìsà ń ṣiṣẹ́?

ỌLÁBÍSÍ: Òun kì í lo iná wa. Iná Adébùsóyè tó wà lẹ́yìn ilé ló ń lò. Òpópónà tiwọn ni wọ́n fún ní Band A, iná wọn kì í sábà lọ, Táíyé oníná ló bá wa fa wáyà wá lọ́sẹ̀ tó kọjá kí ẹja mi má bàa —

GBÉMIGA: Ibo ló gbé wáyà yẹn gbà?

ỌLÁBÍSÍ: Ara ògiri.

GBÉMIGA: Kí ló fi mú un mọ́ ògiri?

ỌLÁBÍSÍ: Ìṣó. Ó kọ́kọ́ béèrè pé ṣé igi ni, Dádì Tiwa ní ìrókò ni, kó gbá a wọlé dáadáa — Gbémiga.

GBÉMIGA: Ìṣó ti gún wáyà yẹn dé irin. Ẹ dá a dúró. Kíá.

ỌLÁBÍSÍ: [ń kígbe] Má fọwọ́ kàn án. Akin, padà. Ọládiípọ̀, mo bẹ̀ ẹ́, iná ṣì wà ní —

[Igbe ọkùnrin, ó gùn. Igbe kejì lé e. Ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn ń sá nínú omi.]

GBÉMIGA: Àǹtí. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

ỌLÁBÍSÍ: Ó tì í. Ọládiípọ̀ tì í láyà mọ́ ọn. Iná ti mú àwọn méjèèjì. Wọ́n lẹ̀ mọ́ra, wọn ò lè jára wọn gbà. Àwọn tó kù ti sá.

GBÉMIGA: Ẹ pe Adébùsóyè kó pa iná ẹ̀ —

ỌLÁBÍSÍ: Kò sí nílé. Ìlárá-Mọ̀kín ló lọ, ó ti ilé ẹ̀ pa.

GBÉMIGA: Ẹ má fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ẹ wá igi, igi gbígbẹ, kó gùn. Ẹ fi taari wọn kúrò lára ògiri. Ọmọ odó.

ỌLÁBÍSÍ: Ẹ̀gbẹ́ geeti níta ni mo gbé e sí, òun ni wọ́n mú tí wọ́n fi fọ́ ọ. Ó wà níta nínú omi.

GBÉMIGA: Àga ńkọ́?

ỌLÁBÍSÍ: Irin lẹsẹ̀ ẹ̀.

GBÉMIGA: Ilẹ̀kùn yàrá. Ẹ já a —

ỌLÁBÍSÍ: Irin ni. Ìwọ lo tà á fún un, o ní ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí igi. [Nǹkan ń ṣubú.] Bẹ́ẹ̀dì, irin. Ṣẹ́ẹ̀fù, irin. Kò sí igi kankan nínú ilé yìí, Gbémiga.

GBÉMIGA: Ike náà dáa. Àga ike. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Ike.

ỌLÁBÍSÍ: Mi ò gbọ́ ẹ. Kí lo wí?

GBÉMIGA: Àga ike —

ỌLÁBÍSÍ: Ó ń já. Gbémiga, ó ń wò mí. Ojú ẹ̀ kan tó kù, èmi ló ń wò. Mi ò lè dúró máa wò ó.

GBÉMIGA: Àǹtí, níbo lẹ ń lọ?

[Ilẹ̀kùn ṣí. Ariwo òjò pọ̀ sí i.]

ỌLÁBÍSÍ: Mò ń bọ̀, Akin. Mò ń bọ̀ wá fà ẹ́.

GBÉMIGA: Ẹ má fà á. Àǹtí Ọlábísí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ —

[Ìpè já.]