Orúkọ Tí Ẹnu Mi Kò Gbà Lórí Ìtàgé

Nígbà tí ọrùn mi ṣì le tó láti ru ìkòkò omi láìfọwọ́ dì í mú… ẹ jókòó dáadáa, ẹ má jókòó bí ẹni tí ọ̀kadà zẹ́mì ń dúró dè níta. Nígbà náà, èmi yìí, èmi tí ẹ ń wò tí n kò lè jẹ àgbàdo yíyan mọ́ yìí, mo ṣe eré orí ìtàgé. Kí lẹ ń rẹ́rìn-ín sí? Agùntá, ọmọ ọmọ mi, sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ kí wọ́n yé rẹ́rìn-ín. Ẹ ní yunifásítì lẹ ti wá, ní Kalaví. Ẹ ní tíátà lẹ ń kọ́, ẹ ní eré mẹ́rin lẹ fẹ́ gbé jáde lọ́dún yìí, ẹ wá ń wá ohun tí àwọn àgbà mọ̀. Ó dáa. Gbé tẹlifóònù yẹn súnmọ́ mi. Ṣé ó ń gbọ́?

Ẹ gbọ́. Kò sí yunifásítì nílẹ̀ yìí nígbà náà. A ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ni. Dàhòmẹ̀ ni wọ́n ń pe ilẹ̀ yìí, wọn kò tí ì sọ ọ́ ní Bẹ̀nẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kàwé dé òkè, Dàkáà ni yóò lọ. Bí fákáńsì, ìsinmi wọn, bá dé, wọn á padà wálé, wọn á wọ bàtà dídán nínú ẹrẹ̀, wọn á máa fi faransé kí ìyá wọn. Ìyá wọn á ní, "Ẹ kú àbọ̀, mùsé," á sì gbé ẹ̀bà síwájú wọn. Wọn á jẹ ẹ́. Faransé kì í ṣe oúnjẹ.

Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ Silifẹ́sì. Ọmọ àgbẹ̀ ni, ní Pobè níbí, ẹ̀yìn ilé wa ni ilé wọn wà. Ó ní eré orí ìtàgé ni wọ́n ń kọ́ òun ní Dàkáà. Bàbá rẹ̀ bi í léèrè pé, "Eré? Ṣé o kò mọ eré ṣe kí o tó lọ ni?" Ó dùn ún. Fákáńsì ọdún yẹn ló kó wa jọ, àwa tí a ti gba sẹ̀tìfíkà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó ní a ó ṣe eré mẹ́ta kí òun tó padà. Bàbá tèmi ń ṣiṣẹ́ nínú ọgbà ọ̀pẹ. Ó gbà kí n lọ, nítorí pé ọ̀sán gangan la máa ń ṣe é, níbi tí gbogbo ayé ti ń rí wa, nínú ọgbà ilé ìwé.

Eré àkọ́kọ́ dára. Ọkùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀ ló ń jà nínú rẹ̀, kò sẹ́ni tí kò mọ ìyẹn. Èkejì… ha. Faransé ni wọ́n fi ṣe èkejì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọba kú nínú rẹ̀. Ó ṣubú, ó na ẹsẹ̀, àwọn èèyàn dákẹ́, wọ́n rò pé ó sùn ni. Bàbá mi rọra bi mí léèrè pé, "Ṣé ẹni tó sùn yẹn kò ní jí, kí á lè máa lọ ilé?" Mùsé Silifẹ́sì gbọ́. Kò kí bàbá mi fún ọjọ́ bíi mélòó kan.

Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ó fi ṣe ẹ̀kẹta ní èdè wa. Ẹ̀kẹta yìí ni mo fẹ́ sọ.

Ọmọ ọba kan ló sọnù nínú eré náà. Ó rìn, ó rìn, ó padà sí ìlú rẹ̀ bí alárù, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ òun. Ó ru ẹrù, ó kọ ẹ̀yìn sí èrò. Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Èmi ni n ó dá a mọ̀, n ó pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Bí mo bá pè é lẹ́ẹ̀kẹta, yóò sọ ẹrù kalẹ̀, yóò yíjú, yóò dáhùn. Wọn á gbé adé fún un. Ó tán. Ṣé ẹ rí i pé ọwọ́ mi ni gbogbo eré náà wà? Ẹni tó ṣe alárù yìí, Ìdòwú ni. Ó kúrú, ó sì lágídí. Ẹ ṣáà mọ Ìdòwú, ẹni tó tẹ̀ lé ìbejì wá sáyé, kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni. Silifẹ́sì sọ fún un pé, "Ìdòwú, bí ilé ń jó, o kò gbọdọ̀ yíjú àfi tí wọ́n bá pe orúkọ yẹn lẹ́ẹ̀mẹta." Ó ní òun ti gbọ́.

A ṣe é ní Pobè. Wọ́n pàtẹ́wọ́, àwọn obìnrin sunkún. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Mo fẹ́ràn bí gbogbo èrò ṣe máa ń dákẹ́ kí n tó la ẹnu. Ní gbogbo ayé mi, kò sí ibi tí wọ́n ti dákẹ́ fún mi bẹ́ẹ̀ rí. Àní ẹ̀yin náà, ẹ wò ó, ọ̀kan nínú yín ń tẹ fóònù.

Nígbà yẹn, bàbá àgbà yín ti rí mi. Ọmọ Sakété ni, ẹ mọ̀. Wọ́n ti wá tọrọ mi, bàbá mi ti gbà, ìdána ló kù. Bàbá rẹ̀ ń ta aṣọ lọ́jà Sakété. Ọkùnrin gíga ni, bí ó bá gbé agbádá wọ̀, aṣọ a balẹ̀ lára rẹ̀ bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n ti hun ún. Kò bá mi sọ̀rọ̀ rí. Ìyá ọkọ mi ló ń sọ̀rọ̀, ó sì ń sọ ọ́ tó. Nígbà tó gbọ́ pé mò ń ṣeré lójú èrò, ó ní, "Ọmọ tí gbogbo ọjà ti wò tán, kí ló kù tí ọmọ tèmi yóò wò?" Ẹ ò rí nǹkan.

Ọjọ́ kan, bàbá àgbà yín gun kẹ̀kẹ́ wá sí Pobè. Ó ní, "Wọ́n ní ẹ̀ ń gbé eré náà bọ̀ ní Sakété." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ìyá mi ní àwọn á wá wò ó, àti Bàbá. Wọ́n ní tí o bá ṣe ohun tí kò yẹ, àwọn ò ní wá ṣe ìdána mọ́." Mo ní kí ló kàn mí pẹ̀lú ohun tí kò yẹ. Mo wá rántí pé n kò tí ì mọ orúkọ àwọn ará ilé wọn. Nígbà ayé wa, ìyàwó kì í pe orúkọ ẹnikẹ́ni tó bá nílé ọkọ. Bàbá ọkọ, ìyá ọkọ, àní ọmọ tó ń rá kòrò, tí wọ́n bá ti bí i ṣáájú kí o tó wọlé, ọkọ rẹ ni, o kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. O gbọ́dọ̀ fún un ní orúkọ mìíràn, orúkọ tó dùn. Torí náà ni o ṣe ní láti kọ́kọ́ mọ orúkọ wọn, kí o lè mọ ohun tí o kò gbọdọ̀ pè. Mo ní kí ó sọ wọ́n fún mi. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó sọ orúkọ bàbá rẹ̀ sí mi létí.

Orúkọ ọmọ ọba inú eré ni. Òun gan-an, kò fi ibì kankan yàtọ̀.

Mo sáré lọ bá Silifẹ́sì. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Mùsé, ẹ dákun, ẹ yí orúkọ yẹn padà." Ó ní orúkọ náà wà nínú orin, ó wà nínú ọ̀rọ̀ ọba, ó wà nínú ọ̀rọ̀ gbogbo èèyàn, àti pé ọ̀la la ń lọ. Mo ṣàlàyé fún un. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "A ti gba òmìnira. Ẹnu yín nìkan ló kù tí kò tí ì gbà á." Mo ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Ó ní ta ló mọ̀ ọ́n lórí? Lóòótọ́, kò sí. Ẹ̀yin, kí lẹ ò bá ṣe? Bí mo bá pe orúkọ, mo ti pàdánù ọkọ. Bí n kò bá pè é, iṣẹ́ gbogbo wa bàjẹ́ lójú Sakété. N kò lè jẹ oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹkún ni mo sun.

Ọkọ̀ tó ń kó èso ọ̀pẹ ló gbé wa lọ. A débẹ̀, ọgbà ilé ìwé ti kún fọ́fọ́. Àwọn ará Ìta-Ìjẹ̀bú tó wà nítòsí fẹsẹ̀ rìn wá. Wọ́n to tábìlì àwọn ọmọ ilé ìwé pọ̀, òun ni ìtàgé. Mo yọjú láti ẹ̀yìn aṣọ. Níwájú pátápátá, ta ni mo rí? Bàbá ọkọ mi, nínú agbádá funfun. Ìyá ọkọ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ká ọwọ́ pọ̀ bí ẹni tó wá gbẹ́jọ́.

Eré ń lọ. Wọ́n kọ orin, wọ́n ń pe orúkọ náà nínú orin, kò sí ohun tó kan àwọn yẹn. Ìdòwú wọlé, ó ru àpò. Silifẹ́sì ní kí ó dà bí òótọ́, wọ́n ti rọ èkùrọ́ gidi sínú àpò náà. Ó kọ ẹ̀yìn sí èrò, ó dúró. Ó wá kan èmi.

Gbogbo èèyàn dákẹ́. Dídákẹ́ tí mo fẹ́ràn yẹn. Lọ́jọ́ yẹn, mi ò fẹ́ràn rẹ̀ mọ́. Mo la ẹnu, kò sí ohun tó jáde. Silifẹ́sì ń sọ orúkọ náà sí mi láti ẹ̀yìn aṣọ, ó rò pé mo gbàgbé ni. "Pè é. Pè é." Mo wo iwájú. Mo wo bàbá yẹn, bí ó ṣe ga lórí ìjókòó, bí agbádá ṣe balẹ̀ lára rẹ̀. N kò mọ ìgbà tí ẹnu mi sọ ọ́. Mo ní, "Agùntáṣọọ́lò."

Agùntáṣọọ́lò. Ẹni tó ga tó láti lo aṣọ. Mo sì ń nàka sí Ìdòwú, tí àpò ga jù ú lọ. Ẹ̀rín bú. Sakété rẹ́rìn-ín títí. Ìdòwú kò yíjú o. Wọ́n ní orúkọ ni kí ó dúró dè, kò tí ì gbọ́ orúkọ. Mo pè é lẹ́ẹ̀kejì. "Agùntáṣọọ́lò." Ẹsẹ̀ Ìdòwú ti ń gbọ̀n lábẹ́ ẹrù. Kò yíjú. Ọrùn rẹ̀ ń wọ inú èjìká lọ, ó tún wá kúrú sí i. Silifẹ́sì ti di orí mú. Èmi náà ti ń sunkún, ẹkún gidi. Mo pè é lẹ́ẹ̀kẹta.

Ẹnìkan dáhùn níwájú. Ó ní, "Hẹn. Mo gbọ́, ìyàwó mi."

Bàbá ọkọ mi ti dìde dúró. Ó ti mọ orúkọ tí mò ń sá fún. Gbogbo ọjà ló mọ orúkọ rẹ̀, ó sì ti ń gbọ́ ọ nínú orin láti ìbẹ̀rẹ̀ eré. Ó gbé apá agbádá sí èjìká, ó tún sọ ọ́. "Mo gbọ́." Ẹ gbọ́ mi yé: ẹni tó bá dáhùn orúkọ tí ìyàwó fún un, ó ti gba ìyàwó náà nìyẹn. Lójú gbogbo èèyàn. Kò tún sí ìpàdé lẹ́yìn èyí.

Ìgbà yẹn ni Ìdòwú ju àpò sílẹ̀. Ó ní, "Bí Bàbá bá ti dáhùn, kí lèmi tún ń ru ẹrù fún?" Àpò ya. Èkùrọ́ dà sórí tábìlì, ó ń yí lọ sáàárín èrò, àwọn ọmọdé ń ṣa á. Bí eré wa ṣe parí nìyẹn. Ta ló tún rántí adé?

Silifẹ́sì kò bá mi sọ̀rọ̀ títí ó fi padà sí Dàkáà. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, òun náà gbéyàwó. Ìyàwó yẹn ò pe orúkọ rẹ̀ rí, "Bàbá Oníwèé" ló ń pè é. Ó sì ń dáhùn. Mo bi í léèrè pé òmìnira wa dà, ó ní kí n fi òun sílẹ̀. Ìyá ọkọ mi ńkọ́? Nígbà tí mo wọlé rẹ̀, ó wò mí títí, ó ní, "Ẹni tó fún ọkọ mi lórúkọ lójú èrò, èmi ńkọ́?" Ó ń jowú. Mo sọ ọ́ ní Ìbàdíàrán. Láti ọjọ́ náà, ẹran tó sanra jù nínú ọbẹ̀, tèmi ni.

Àwọn ìyàwó ìwòyí, ẹ má bínú sí mi o. Orúkọ tó wà nínú ìwé ni ẹ fi ń pe ọkọ. Nígbà mìíràn ẹ ní "shérì", olólùfẹ́ lédè faransé. Shérì nílé yìí, shérì nílé kejì, tí ẹnìkan bá pe shérì ládùúgbò, ọkùnrin mẹ́fà ló ń dáhùn. Àwa tí a kì í pe orúkọ, a kì í ṣe ẹrú o. Ẹ ronú sí i. Láti fún èèyàn lórúkọ, o ní láti kọ́kọ́ wò ó dáadáa.

Ohun tí ẹ fẹ́ ni orúkọ gan-an, kí ẹ lè fi sínú eré tiyín ní Kalaví? N kò ní sọ. N kò sọ ọ́ rí, láti ọjọ́ yẹn dòní. Agùntá, wo orúkọ tó wà lórí káàdì rẹ. Òun ni wọ́n sọ ẹ́. Wọ́n fi orúkọ bàbá ńlá rẹ sọ ẹ́, ẹnu mi kò gbà á, ni mo ṣe ń pè ẹ́ ní Agùntá. Mo mọ̀ pé láti kékeré lo ti rò pé mò ń fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ torí pé o kúrú. Ó dáa, mo ń fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn nìkan.

Ọjọ́ tí bàbá yẹn kú, àárọ̀ ni. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń sunkún, wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀, orúkọ gan-an, kò dáhùn. Mo ní kí wọ́n yà fún mi. Mo ní bóyá kì í ṣe ohun tó fẹ́ dáhùn nìyẹn. Mo kúnlẹ̀, mo pè é. Agùntáṣọọ́lò. Mo dúró. Mo tún pè é. Ọdún tí mo ti ń pè é pọ̀, kò kọ̀ mí rí, bó wà lórí oúnjẹ, bó ń bínú, á ní "mo gbọ́, ìyàwó mi". Mo pè é lẹ́ẹ̀kẹta… Ìgbà yẹn ni mo tó gbà pé ó ti lọ.

Hẹn. Ayé ń yí. Ẹ lọ ṣe eré yín. Ṣùgbọ́n ẹ fi ẹnìkan sí iwájú, kí ó mọ ìgbà tó yẹ kí ó dáhùn.

Agùntá.

Kí lo wí? Sọ ọ́ sókè, etí mi ti wúwo.

Ó dáa. O ní o gbọ́. Ẹ pa tẹlifóònù yẹn.