Àwo tí mo fi sípírítì nù

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin ọmọ yìí. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, tí eyín mi ṣì pé lẹ́nu, kò sí obìnrin kankan ní gbogbo Kétu yìí tó ní àwo orin tó tèmi. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín? Àwọn ẹgbẹ́ mi ń ra góòlù, èmi ń ra jáàsì. Àwo tí fèrè sáksófóònù bá ti wà nínú rẹ̀, tèmi ni. Bàbá yín àgbà á ní, "Ìyá Sikírù, ṣé inú àwo tó ń kọrin yìí la ó ti máa jẹun ni?" Èmi á tún lọ ra òmíràn.

Wọn ò mọ ohun tí mò ń wá. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Bùrọ̀dá Lámídì, ló ń fọn fèrè yẹn ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ìyá wa ò fẹ́. Wọ́n ní, "Ọmọ tí mo fi sí ilé kéwú, ó wá lọ ń fọn fèrè fún ọ̀mùtí." Wọn ò lọ gbọ́ ọ rí. Ẹ̀gbọ́n mi ṣe àwo kan ṣoṣo, kò pẹ́ náà ló kú… ìjà yẹn ò tíì tán.

Ó wá pẹ́ títí. Ìyá wa darúgbó, àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀ nínú yàrá ẹ̀yìn yìí. Lọ́jọ́ kan wọ́n pè mí. "Rábí, mo fẹ́ gbọ́ fèrè Lámídì kí n tó lọ." Níbo ni kí n ti rí i? Kì í ṣe ayé tiyín, tí ẹ ó kàn tẹ fóònù tí orin á jáde. Mo wá a dé Ìkòròdú, mo wá a dé Muṣin. Ojoojúmọ́ ni èémí ìyá wa ń kúrú sí i. Ọ̀jọ́tà ni mo ti rí i, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń ta ògbólógbòó àwo nínú àpò ìrẹsì. Mo rí orúkọ ẹ̀gbọ́n mi lára rẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn. Ọkùnrin yẹn ní, "Aunty, àwo ayé àtijọ́ lèyí o. Omi lásán ni kẹ́ ẹ fi nù ún." Ẹ gbọ́ ìgbéraga mi… mo ní, ta ló ń kọ́? Èmi tí mo ti ń kó àwo jọ kí ó tó mọ Ọ̀jọ́tà?

Sípírítì ni mo fi máa ń nu àwọn àwo mi, àwọn tó rọ̀ bíi rọ́bà. Wọ́n á máa dán. Èyí wúwo, ó le gbagidi. Ó yẹ kí n ronú sí i. Mi ò ronú. Mo da sípírítì sórí òwú, mo nù ún. Òwú náà dúdú. Mo ní ìdọ̀tí ni. Mo mú òwú mìíràn, ó tún dúdú. Ìyá wa ń pè mí láti inú yàrá, "Rábí, ṣé o ti rí i?" Mo ní, "Ẹ fara balẹ̀, Màámi, ó kù díẹ̀." Mo ń nù, mo ń nù… ìka mi wá ń lẹ̀ mọ́ ọn. Àwo yẹn gan-an ló ń yọ́; àṣé sípírítì a máa yọ́ àwo àtijọ́. Mo sáré gbé e sórí giramafóònù, mo fi abẹ́rẹ́ lé e. Ṣááá… kò sí nǹkan kan. Fèrè ẹ̀gbọ́n mi ti wà lára òwú.

Ẹ̀yìn àwo náà ṣì dára. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn nínú ẹgbẹ́ wọn ló fọn fèrè níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ hàn kedere. Ìyá wa ò mọ̀wé kà. Kí ni kí n ṣe? Ẹ̀yin ẹ sọ fún mi. Mo yí àwo padà, mo gbé e wọlé tọ̀ wọ́n. Fèrè bẹ̀rẹ̀. Mi ò lè wojú wọn. Wọ́n ń sunkún, wọ́n ní, "Ọmọ mi nìyẹn. Lámídì, mo ti dárí jì ẹ́." Ọjọ́ kẹta ni wọ́n kú.

Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ẹ̀rù ń bà mí títí dòní. Ìdáríjì yẹn, ṣé ó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, àbí ọmọ ọlọ́mọ ló gbà á lọ?

Ayé yín yìí, ẹ kì í tilẹ̀ jà mọ́, ẹ ó kàn blọ́ọ̀kì ara yín lórí fóònù. Bí ẹnì kan nínú yín bá ń ṣe ohun tí ẹ ò fẹ́, ẹ lọ jókòó síwájú rẹ̀, kí ẹ gbọ́ ọ nígbà tí èémí ṣì wà nínú rẹ̀. Hùn… Màámi ì bá ti lọ gbọ́ fèrè ọmọ wọn lẹ́ẹ̀kan péré.