Ẹ̀rọ tí Mo Gbé Sábẹ́ Tábìlì

Nọ́ọ̀sì, ẹ má tíì fún mi lóògùn yẹn. Bí mo bá sùn, n kò mọ̀ bóyá n ó tún jí sọ ọ́, ó sì gbọ́dọ̀ jáde lónìí. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó. Ọ̀gá bíríkìlà, ẹ̀yin tí ìyàwó yín kú sílé ìwòsàn yìí lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ẹ jókòó. Èmi ni mo ṣe é.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi níṣẹ́ ráútà nílé ìwòsàn yìí, ẹ̀rọ tó ń fọ̀nà han ọ̀rọ̀ láti kọ̀ǹpútà kan dé òmíràn. Nígbà tí mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fi yín ṣe olórí wa, ìlara gbà mí lọ́kàn. Mo fẹ́ ka ohun tí ẹ ń kọ sáwọn aláṣẹ nípa mi. Ráútà ló máa ń kéde ara rẹ̀ fáwọn kọ̀ǹpútà pé, "Ọ̀dọ̀ mi ni kẹ́ ẹ gbà." Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ga jù ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Mo gbé ògbólógbòó ráútà kan sábẹ́ tábìlì mi, mo fún un ní nọ́ńbà tó ga ju ti ráútà ńlá ilé ìwòsàn lọ. Gbogbo ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn wá ń gba abẹ́ ẹsẹ̀ mi kọjá. Ẹ̀gbọ́n, ìyìn mi lẹ kọ. Mo kà á, mo sì fi ẹ̀rọ náà síbẹ̀. Irú èèyàn wo ni mí?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹ̀rọ náà ṣe ségesège. Ó ṣì ń kéde ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi nǹkan kan ránṣẹ́ mọ́. Nọ́ọ̀sì àwọn agbẹ̀bí sáré wọ yàrá kọ̀ǹpútà wa: "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti fi kọ̀ǹpútà kọ̀wé béèrè ẹ̀jẹ̀ fún ìyá tó ń bímọ, wọn ò fèsì!" Mo mọ ibi tó há sí. Kí n kàn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n fa wáyà yọ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wà nínú yàrá, Ẹ̀gbọ́n, mi ò fẹ́ kí ẹ rí mi. Mo dúró títí ẹ fi jáde lọ yẹ ráútà ńlá wò. Ogún ìṣẹ́jú kọjá kí n tó fa wáyà náà yọ. Ọmọ yè. Ìyá kú.

Èyí tó burú jù ṣì kù. Mo wọ inú àkọsílẹ̀ ráútà ńlá, mo fi orúkọ yín, Ẹ̀gbọ́n, síbẹ̀ pé ẹ̀yin lẹ yí ọ̀nà padà. Níwájú ìgbìmọ̀ tó wádìí ikú náà, ẹ kọjú sí mi: "Àbúrò mi, ṣé ìwọ náà gbà pé èmi ni?" Mo ní, "Orúkọ yín ni mo rí níbẹ̀, mà." Wọ́n lé yín lọ́jọ́ náà.

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ fáwọn aláṣẹ, mo ti fọwọ́ sí i. Ẹ̀gbọ́n, ẹ forí jì mí. Ọ̀gá bíríkìlà, n kò lẹ́nu láti bẹ̀ yín. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé ọmọ yín kì í jẹ́ kí wọ́n ṣọjọ́ ìbí òun, pé òun ló pa ìyá òun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ sọ fún un pé kì í ṣe òun. Ẹ dárúkọ mi fún un.