Alága Tó Há Sínú Tàkúté Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀

Ẹ má mira, Alága. Mo ní ẹ má mira, torí bí ẹ bá ṣe ń ta ẹsẹ̀ yẹn ni irin yẹn á máa mú ìbàdí yín le sí i, èmi kọ́ ni mo ṣe é bẹ́ẹ̀, bí wọ́n ṣe rọ ọ́ nìyẹn, kí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ má baà fi ẹ̀yìn tì í ṣí. Kúbùsù tí mo dà bò yín ńkọ́? Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n máa dà á bò wọ́n. Òfin kẹta. Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín kọ ọ́, tí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn ilé irinṣẹ́: ohunkóhun tó bá kó sínú tàkúté tí kì í ṣe kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, kí a da aṣọ bò ó kí ẹ̀rù má baà pa á, kí a sì máa bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ṣé ẹ gbọ́ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀? Inú ń bí mi, ṣùgbọ́n jẹ́jẹ́ ni mò ń sọ ọ́.

Rárá, mi ò tíì ní ṣí i. Aago mẹ́fà ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ni. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ olóko ò ní dé kó tó di aago mẹ́jọ, kò sì sí ẹni tó máa gbọ́ igbe yín níbí àfi ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí London Bridge, òun náà kì í dúró. Wákàtí méjì la ní, èmi àti ẹ̀yin. Ọdún mẹ́sàn-án lẹ ti ń ṣe alága oko tí gbogbo wa pín dá láàárín ìlú yìí, láti ọdún mẹ́sàn-án náà, ìgbàkígbà tí mo bá dìde ní ìpàdé, ẹ ó wo aago ọwọ́ yín, ẹ ó ní, "A dúpẹ́, Ìyáàfin Tapsell," ẹ ó sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ omi. Ó dáa, ẹ wo aago báyìí. Àbí ọwọ́ tí aago wà ló há?

Kí lẹ wí? Ẹ ní ẹ kàn ń kọjá lọ ni? Alága Allardyce, ta ló ń kọjá lọ tó jẹ́ pé inú tàkúté lorí rẹ̀ ń gbà kọjá? Ọ̀nà gbọọrọ ló wà lọ́tùn-ún, ọ̀nà gbọọrọ ló wà lósì, orí, apá méjèèjì àti àyà wà nínú àgò irin, ìdí àti ẹsẹ̀ wà níta lórí ewébẹ̀ mi, ẹ ní ẹ ń kọjá lọ. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n ráyè jókòó sórí garawa yìí. Dorcas, rọra, ìyá mi, fara mọ́ àyà mi, kò sí nǹkan kan, alága ni.

Bẹ́ẹ̀ ni, òun ló wà nínú súẹ́tà mi. Ibo lẹ fẹ́ kó wà? Inú súẹ́tà mi ló ń bá mi wá, òun ló ń bá mi lọ, inú yàrá ìwẹ̀ mi ló ń sùn láti ọjọ́ Ìsinmi, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta tí onílé ò ti gbà kí a sin ẹja lásán, ká má tíì sọ adìẹ. Adìẹ márùn-ún ni mo ní nígbà ọdún Àjíǹde, Alága. Edith, Hester, Prudence, Olive, Dorcas. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ yẹn kó mẹ́rin lọ. Ìyẹ́ Hester nìkan ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà. Olive ní tiẹ̀, ọ̀sán gangan ni, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yíjú kí n bu omi ni, ó gbé e lọ́rùn, ó sì gba àárín ẹ̀wà yín kọjá bí ẹni tó ra ọjà tó ń lọ sílé. Ẹ̀yin wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ ní ẹ ò rí nǹkan kan. Mo sì gbà yín gbọ́, èmi òmùgọ̀.

Ṣé mo ní ká pa á? Mo sọ bẹ́ẹ̀ rí? Mo ní ká dẹ tàkúté tí kò ní pa á lára ni, ká mú un láàyè, kí àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ wá wò ó. Ẹ fún mi ní òfin mẹ́fà. Mo pa gbogbo rẹ̀ mọ́. Ẹ ní n kò gbọ́dọ̀ fi ẹran dẹ ẹ́, n kò gbọ́dọ̀ fi ẹja dẹ ẹ́, nítorí ológbò àwọn ará àdúgbò. Búrẹ́dì àti jáàmù ni, nítorí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ fẹ́ràn ohun dídùn, ológbò ò sì mọ adùn. Mo gbà. Jáàmù tí mo fọwọ́ ara mi sè, Alága, èyí tí mo máa ń gbé lọ sí bàsá ṣọ́ọ̀ṣì, òun ni mo ń fi bọ́ ọ̀daràn.

Ẹ tún ní kí n so ilẹ̀kùn tàkúté sókè fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, kó lè máa wọlé máa jáde, kí ara rẹ̀ balẹ̀. Mo so ó. Kí ló ṣẹlẹ̀? Àwọn ará ilé ẹ̀yìn ọgbà yọjú lórí fẹ́ǹsì, wọ́n rí àgò, wọ́n rí búrẹ́dì nínú rẹ̀, wọ́n rò pé ibi tí a ti ń tọ́jú ẹranko ni. Ìlú yìí sì rèé, bí ẹ bá ṣubú lójú ọ̀nà wọ́n á fò yín kọjá, ṣùgbọ́n bí ẹyẹ kan bá wúkọ́ wọ́n á gbé mílíìkì wá. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, mo bá ẹran sísun ọjọ́ Ìsinmi nínú rẹ̀, pẹ̀lú ọbẹ̀. Mo bá kéèkì tí àbẹ́là ọjọ́ ìbí ṣì wà lórí rẹ̀. Mo kọ pátákó, "TÀKÚTÉ NI O," lẹ́tà gàgàrà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹnì kan ti kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ṣé ó ń jẹ wàràkàṣì?"

Bí mo ṣe ń kó oúnjẹ jáde láràárọ̀ nìyẹn, tí mò ń fọ tàkúté bí abọ́ àlejò. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ yẹn á jókòó sórí òkìtì ajílẹ̀, á máa wò mí. Mo lálàá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ tí mo wá tú okùn, tí mo dẹ ẹ́ gan-an, ológbò pásítọ̀ ló kó sínú rẹ̀. Ológbò, tí kò mọ adùn. Ẹ dúró níbẹ̀, ẹ mi orí, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀: ẹ̀ẹ̀kíní. Lọ́jọ́ kẹta, lìílì ni, ó ká ara rẹ̀ bí bọ́ọ̀lù tí ẹ̀gún bò, a ò mọ ibi tórí rẹ̀ wà ká tó bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ẹ̀ẹ̀kejì. Mo ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, àgò yìí ń rùn bí ẹja." Mo sọ ọ́ àbí n kò sọ ọ́? Ẹ ní imú àgbà ni. Níwájú gbogbo ẹgbẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín mi, mo sì lọ sílé, mo jókòó sí yàrá ìwẹ̀ pẹ̀lú Dorcas, mo sunkún.

Ẹ jẹ́ kí n gbé kúbùsù yìí sókè díẹ̀. Kí ni ìyẹn lọ́wọ́ yín? Rárá, èyí tó wà lábẹ́ àgbọ̀n yín yẹn. Ṣé agolo sadín kọ́ nìyẹn? Ó ti ṣí, òróró rẹ̀ ti ń ṣàn wọ inú ṣẹ́ẹ̀tì yín. Hùn-ún. Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun. Ìwọ ọkùnrin yìí, ìwọ lo ń fi ẹja sínú tàkúté mi? Ìwọ lo ń pe ológbò, tí o ń pe lìílì, kí n lè mú ẹ̀ẹ̀kẹta? Ẹ má bínú, ìbínú ló jẹ́ kí n pè yín ní ìwọ. Rárá, mi ò tọrọ àforíjì. Ìwọ ni.

Ẹ sì mọ ohun tí ẹ̀ẹ̀kẹta túmọ̀ sí. Òfin karùn-ún: bí ohun tí kì í ṣe kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ bá kó sí i lẹ́ẹ̀kẹta, kí tàkúté kúrò lóko, kí adìẹ náà kúrò lóko. Ibo ni Dorcas máa lọ? Onílé á lé e. Ẹ fẹ́ kí n fi ṣe ọbẹ̀? Láti ìgbà tí Edwin ọkọ mi ti kú, òun àtàwọn tó lọ yẹn ni mò ń bá sọ̀rọ̀ láàárọ̀. Òun nìkan ló kù. Ẹ wá fẹ́ fi agolo sadín kan gbà á lọ́wọ́ mi.

Ìwé àkọsílẹ̀ rèé. Ṣé kí n kọ ọ́? Irú ẹ̀dá: alága. Akọ tàbí abo: akọ. Bí ara rẹ̀ ṣe rí: ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń rùn bí ẹja. Ẹ̀ẹ̀kẹta. Ẹ ò fẹ́? Kí ló dé tí ẹ ò fẹ́, ṣebí ohun tí ẹ wá ṣe nìyí?

Kí lẹ wí? Ẹ sọ ọ́ sókè. Lionel? Ta ni Lionel?

Ẹ fún kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ yẹn lórúkọ.

Ẹ ní láti ìgbà tí ìyàwó yín ti kó lọ sí Dorset, òun ló máa ń dúró dè yín lẹ́nu géètì láàárọ̀. Ẹ ní ó máa ń fi orí nu bàtà yín. Ó dára, mo gbọ́. Ó dùn mí, mi ò ní parọ́, mo mọ bí ilé ṣe máa ń dákẹ́. Ṣùgbọ́n Lionel yín ti jẹ mẹ́rin nínú àwọn tèmi, Alága. Bí ẹ bá ti sọ fún mi ní ọdún Àjíǹde pé ẹ ń tọ́jú ẹnì kan, à bá jókòó, à bá mu tíì, à bá wá nǹkan ṣe sí i. Ẹ yàn láti máa yọ́ rìn.

Ẹ gbà. Ẹ ní mo tọ̀nà. Ẹ ní kí n máa sọ̀rọ̀ lọ.

Báwo? Ẹ ní kí n má kánjú, kí n sọ gbogbo ohun tó wà nínú mi? Alága, láti ọdún mẹ́sàn-án, ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Kí ló dé tí ojú yín ò sí lára mi? Kí lẹ ń wò lẹ́yìn mi tí ẹ ń rẹ́rìn-ín músẹ́? Dorcas, kí ló ń gún ọ, má fi èékánná họ mí lára.

Ẹ dákẹ́. Ẹ má mira. Lionel yín wà nínú ilé adìẹ mi. Ìrù rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́ kù síta, ó ń jẹ ẹyin tí Dorcas yé síbẹ̀ lánàá. Dorcas, pa ẹnu mọ́. Ó ti wọlé tán.

Gbàù! Mo ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Mo ti fi igi dábùú rẹ̀. Mo mú un, Alága, mo mú un láìfi ẹja, láìfi jáàmù, ẹnu lásán ni mo fi mú un. Háà, ẹ jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n fara ti nǹkan. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ wà nílé adìẹ, alága wà nínú tàkúté, adìẹ wà láyà mi. Olúwa ò, ẹ̀gbẹ́ ń dùn mí.

Ó tó. Mò ń kọ ọ́ báyìí, ẹ gbọ́: Sátidé, aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kan. Ara rẹ̀ le. A kò mú ohun mìíràn. Adìẹ kò kúrò lóko. Bírò rèé, ẹ na ìka yín síta, ẹ fọwọ́ sí i. Ẹ fọwọ́ sí i dáadáa, kó ṣeé kà. Ẹ ṣeun. Mò ń ṣí i, ẹ rọra fà sẹ́yìn, ẹ má tẹ ewébẹ̀ mi mọ́.

Ilé lọ kẹ̀? Ibo lẹ ń sáré lọ, Alága? Ẹ ò gbọ́ bó ṣe ń họ ilẹ̀kùn ni? Ẹ padà wá. Ẹ̀yin lẹ fún un lórúkọ, ẹ̀yin lẹ máa wọlé lọ gbé e jáde.