Ijó Tí Ẹnikẹ́ni Kò Tíì Jó fún Papa Petru

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ohun tí mo fi pamọ́ ti wúwo jù mí lọ. Sátidé tó ń bọ̀ ló sì máa tú, bí mo sọ ọ́, bí mi ò sọ ọ́.

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe ní Lake Arbor lókè òkun níbí. Mo tọ́jú Papa Petru, ará Romania, tó ń ta fayolíìnì níbi ijó abúlé wọn nígbà èwe rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti rọ. Ó kàn máa ń kun orin ni, tí á máa fi gìgísẹ̀ gbá irin àga onítáyà rẹ̀: gbá, gbá-gbá.

Lọ́jọ́ kan ó ní kí n gba orin kan tí òun ń kùn sórí fóònù mi. Mo fi ìrọ̀rí sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ariwo gìgísẹ̀ rẹ̀ má bàa wọ inú orin náà. Ó ní ní abúlé àwọn, bí èèyàn bá kú, wọ́n á ta orin tó fẹ́ràn jù, àwọn èèyàn á di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n á jó o yípo lórúkọ rẹ̀. Bí wọn ò bá jó o, òkú ò ní lọ. Etí agbo ló máa dúró sí.

"Give it to Ileana," ló wí. "Nobody else." Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ìyá ni mí. Tọ́lá ọmọ mi ń kọ́ nípa orin ní yunifásítì. Wọ́n ní kó kọ orin tuntun sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ olórin ńlá, orchestra, kò rí nǹkan kan kọ, ó ń sunkún ṣáá. Olùkọ́ rẹ̀ ti sọ fún wọn pé àwọn olórin àtijọ́ a máa gba orin ijó ní abúlé Romania, wọ́n á sọ ọ́ di orin tí wọ́n ń ta ní gbọ̀ngàn ńlá. Ni mo bá gbé fóònù fún un. Mo ní Papa ní kó lò ó. Irọ́ ni mo pa.

Papa kú. Níbi ìsìnkú, Ileana di ọwọ́ mi mú. Ó ní orin kan wà tí bàbá òun fẹ́ràn, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan lòun rántí, ṣé kò fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi? Mo wò ó lójú, mo ní rárá. Mo dé inú mọ́tò, mo pa ohùn bàbá náà rẹ́.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ á bá a. Tèmi ò tiẹ̀ tíì pé ọdún kan.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Tọ́lá pè mí láti ibi tí wọ́n ti ń dán orin rẹ̀ wò. "Mummy, it's so weird. Tá a bá ti dé slow part yẹn, somebody starts tapping. Gbá, gbá-gbá. We stop, and there's nobody there."

Tọ́lá ò rí Papa rí. Mi ò sì sọ̀rọ̀ gìgísẹ̀ yẹn fún un rí. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an.

Ọmọ mi, tí kò mọ nǹkan kan, ló wá Ileana kàn, ó ní kó wá gbọ́ orin tí òun kọ ní ìrántí bàbá rẹ̀, tí wọ́n máa ta ní gbọ̀ngàn yunifásítì ní Sátidé. Ileana ń bọ̀. Ẹ̀gbẹ́ mi ló ní òun máa jókòó sí.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Bí mo bá jẹ́wọ́ ṣáájú, ojú á ti ọmọ mi níbi tí kò ti jẹ̀bi. Bí mo bá dákẹ́, Ileana á mọ orin náà gbàrà tó bá bẹ̀rẹ̀. Ní gbọ̀ngàn yẹn, orí ìjókòó ni wọ́n ti ń gbọ́ orin, kò sẹ́ni tó máa dìde jó o fún Papa. Bí èmi bá dìde, ẹ jọ̀ọ́, ṣé Ileana á fún mi lọ́wọ́ rẹ̀?